Short snorter

Short snorter jẹ́ owó bébà tí àwọn tó jọ rìnrìn-àjò nínú ọkọ̀ òfurufú buwọ́ lù fún ìrántí. Àṣà yìí gbilẹ̀ jù lọ láàrin àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti àwọn alájọṣepọ̀ wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì (1939–1945). Ọ̀pọ̀ nínú àwọn owó wọ̀nyí ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ, àwọn ọmọ-ọmọ àti àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ, tí wọn kò sì mọ àwọn tó ni orúkọ ara wọn. Bí a bá fara balẹ̀ wádìí i, irú owó bẹ́ẹ̀ lè fi hàn pé àwọn ènìyàn kan wà pa pọ̀ ní ibì kan ní àkókò kan, kódà nígbà tí ìwé ìjọba nípa wọn ti ṣègbé.

Orúkọ

Nínú èdè ìgboro àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì, "snort" ni ọtí líle tí ènìyàn gbé mì lẹ́ẹ̀kan. "Short" túmọ̀ sí kúkúrú. Short snorter ni ẹni tó mu ọtí tí kò tó ìwọ̀n. Orúkọ kan náà ni a fi ń pe owó tí a buwọ́ lù àti ẹni tó ni ín.

Ìbẹ̀rẹ̀ àti òfin

Àwọn awakọ̀ òfurufú tó ń ṣiṣẹ́ ní ìgbèríko Alaska ní àwọn ọdún 1920 ló bẹ̀rẹ̀ àṣà náà. Láti ọ̀dọ̀ wọn ló ti tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀ èrò àti àwọn ọmọ ogun. Nígbà ogun, ẹni tó bá ti fò kọjá òkun ni a máa ń gbà wọlé. Àwọn tó ti wà nínú ẹgbẹ́ ṣáájú yóò buwọ́ lu owó rẹ̀, òun náà yóò sì san dọ́là kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tàbí kí ó ra ọtí fún wọn. Láti ọjọ́ náà lọ, ó gbọ́dọ̀ máa mú owó yìí rìn. Bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ní kí ó fi hàn tí kò rí i mú jáde, yóò san owó ìtanràn.

Bí ìrìn-àjò bá ṣe ń gùn sí i ni wọ́n ń fi sẹ́lótéèpù lẹ owó ilẹ̀ tuntun mọ́ ti àtẹ̀yìnwá, títí tí yóò fi gùn débi pé a ó máa ká a bí ẹní.

Ọ̀nà Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1940 ni àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń to ọkọ̀ òfurufú tí a fi ọkọ̀ ojú omi kó wá sí Takoradi, tí wọ́n sì ń gbé e gba Èkó, Kánò, Maiduguri àti Khartoum lọ sí Kairo. Lẹ́yìn náà, àwọn ará Amẹ́ríkà ń fò láti Natal ní Brasil, gba erékùṣù Ascension, dé Accra. Owó ṣílè tí West African Currency Board tẹ̀ ni a ń ná ní Accra, Èkó àti Kánò nígbà náà. Nítorí náà, bí irú owó yìí bá wà láàrin owó Brasil àti ti Íjíbítì lára ẹ̀ká kan, ọ̀nà tí ẹni tó ni ín gbà ti hàn kedere.

Bí a ṣe ń tọpa àwọn tó buwọ́ lù ú

Owó fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí àkọ́kọ́, nítorí kò sẹ́ni tó lè buwọ́ lu owó tí a kò tíì tẹ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, ọdún tó wà lára dọ́là Amẹ́ríkà ń tọ́ka sí ìgbà tí a ṣe àwòṣe rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí a tẹ̀ ẹ́. "1935 A" ni a kọ sára dọ́là kan tí ó ní ọ̀rọ̀ "HAWAII" àti èdìdì aláwọ̀ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọdún 1942 ni ó jáde, kí ìjọba lè sọ ọ́ di asán bí Japan bá gba erékùṣù náà. Èyí tó ní èdìdì aláwọ̀ òféfèé ni a kó lọ sí Àríwá Áfríkà ní ìparí ọdún kan náà. Pọ́n-ùn kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí í máa ń jẹ́ aláwọ̀ ewé, di aláwọ̀ búlúù láti ọdún 1940 títí di 1948.

Ẹ̀rí kejì ni ohun tí a kọ: orúkọ, ipò, ẹgbẹ́ ọmọ ogun, ìlú àti ọjọ́. Ẹ̀rí kẹta ni ìwé àkọsílẹ̀. Ilé àkójọ ìwé ìjọba Amẹ́ríkà ti gbé orúkọ bíi mílíọ̀nù 9 àwọn tó wọ iṣẹ́ ológun sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ọdún ìbí àti ibi tí wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ológun kò pọ̀ nínú rẹ̀. Nọ́mbà iṣẹ́ ológun tún máa ń sọ nǹkan: èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 jẹ́ ti ẹni tó fínnúfíndọ̀ wọṣẹ́; èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3 jẹ́ ti ẹni tí òfin pè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé iṣẹ́ ojoojúmọ́ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Kew, nínú ọ̀wọ́ AIR 27. Commonwealth War Graves Commission ló ń tọ́jú orúkọ àwọn tó kú nínú ogun láti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ Nàìjíríà pẹ̀lú.

Igi kan kò lè dá igbó ṣe. Orúkọ kan ṣoṣo kì í tó láti dá ènìyàn mọ̀, nítorí àwọn tó ń jẹ́ John Smith kò níye. Àkójọpọ̀ orúkọ ni agbára wà nínú rẹ̀. Ènìyàn 10 ni ó máa ń wà nínú ọkọ̀ ajubọ́ǹbù B-17. Bí orúkọ mẹ́fà lára owó bá bá ti àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan mu, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé àwọn gan-an ni. Láti ọdún 1943 ni àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ti ń kọ ìwé ìròyìn lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá sọnù, tí orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì ń wà níbẹ̀. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a ti lè rí i pé ẹni tó buwọ́ lu owó ní ọjọ́ kan kò pẹ́ láyé lẹ́yìn náà.

Ìdíwọ́

Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1973, iná sọ ní ilé tí a ń kó ìwé àwọn ológun Amẹ́ríkà pamọ́ sí nítòsí ìlú St. Louis. Fáìlì bíi mílíọ̀nù 16 sí 18 ló jóná. Nínú fáìlì àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàrin ọdún 1912 àti 1960, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣègbé. Abẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun òfurufú wà nígbà ogun náà, nítorí náà iná yìí kan púpọ̀ nínú àwọn tó buwọ́ lu short snorter. Ìwé owó oṣù ìkẹyìn àti ìròyìn òwúrọ̀ tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kọ ni a fi ń ṣe àtúntò ohun tó sọnù.

Àwọn ìdíwọ́ mìíràn ni orúkọ ìnagijẹ, ìkọ̀wé tí kò ṣeé kà àti tádàwà tó ti ṣá. Ayédèrú tún wà, pàápàá níbi tí orúkọ gbajúmọ̀ bá ti lè mú kí owó náà gbówó lórí. Ó yẹ kí olùwádìí ní ju ẹ̀rí kan lọ kí ó tó kàn sí ìdílé kankan, nítorí àṣìṣe lè gbé ìtàn òkú ẹlòmíràn fún wọn.

Àpẹẹrẹ olókìkí

Harry Hopkins, olùdámọ̀ràn Ààrẹ Franklin D. Roosevelt, ní short snorter tirẹ̀. Òun ló bá Roosevelt lọ sí ìpàdé Casablanca ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1943, nígbà tí Roosevelt di ààrẹ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó wọ ọkọ̀ òfurufú lórí oyè.

Ìtọ́jú

Kò yẹ kí a ya àwọn owó tí a lẹ̀ pọ̀ kúrò lára ara wọn, nítorí bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn jẹ́ ẹ̀rí ìrìn-àjò náà. Kò yẹ kí a fi ọ̀rá lẹ̀ wọ́n pa. Kí a ya àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn wọn, kí a sì kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí ó ṣe wà, láìṣe àtúnṣe sí i. Ìmọ́lẹ̀ tí a tàn láti ẹ̀gbẹ́ máa ń ṣàfihàn ibi tí gègé ti tẹ bébà, bí tádàwà ibẹ̀ tilẹ̀ ti ṣá.