Àárọ̀ Àbámẹ́ta: ti oko, ti ọjà àbí ti ìwé?

Ẹ̀yin ará wa ní Tchetti! Tí ilẹ̀ Àbámẹ́ta bá ti mọ́, gbogbo wa là ń wá ọmọ kan náà: bàbá fẹ́ mú un lọ oko, ìyá fẹ́ kó bá òun ru ẹrù lọ ọjà, àwa olùkọ́ fẹ́ kó wá tún ẹ̀kọ́ CM2 kà nítorí ìdánwò CEP.

Ohun tó ń fa wàhálà ni pé ìkaye méjì là ń lò. Ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa, ọjọ́ 4 ni: ti Ọbàtálá, ti Ifá, ti Ògún, ti Jàkúta. Òun ni ọjà ọrọọrún ń tẹ̀ lé; wọ́n ń pè é ní ọrún torí pé wọ́n ń ka ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ ilé-ìwé, ọjọ́ 7 ni. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan péré láàárín ọjọ́ 28 ni irú ọjà bẹ́ẹ̀ ń bọ́ sí Àbámẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká sàmì sí i lára kàlẹ́ńdà. Nínú Àbámẹ́ta 4, ọ̀kan fún ọjà, ọ̀kan fún oko, méjì tó kù fún ìwé. Bí a bá ti jọ fẹnu kò láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ọmọ ò ní pàdánù ìdánwò rẹ̀ torí ẹrù.