Ṣé Ìlù Inú Bọ́fà Yín Ń Sọ̀rọ̀, Àbí Ariwo Lásán Ló Ń Pa?

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹmùré, àti ẹ̀yin télọ̀, káfíńtà, bíríkìlà gbogbo: owó tí ẹ fi oṣù mẹ́fà dá ní èésú, ẹ má jẹ́ kí oníbọ́fà fi “gbìm, gbìm” gbà á lọ́wọ́ yín.

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù wọn, wọn á yí i sókè títí páànù òrùlé á fi máa gbọ̀n. Àyà yín á máa lù, ẹ ó ní, “Háà, eléyìí lágbára!” Ó lágbára lóòótọ́. Kí ló wá ń sọ?

Ibí yìí gan-an la ti ju òyìnbó lọ. Òyìnbó tó fẹ́ dán bọ́fà wò á fetí sí i bóyá ìlù dún bí ìlù. Ìlù tiwa ń sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀. Onígángan fún ọsán mọ́ abẹ́ apá, ohùn lọ sókè. Ó dẹwọ́, ohùn wálẹ̀. Bí bọ́fà bá da ohùn òkè pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, oríkì lè di èébú. Nítorí náà, orin tí ẹ ti mọ ohun tí onílù ń wí nínú rẹ̀ ni kí ẹ mú lọ: Oroki Social Club tí Hárúnà Ìṣọ̀lá gbé jáde ní 1971, tàbí Juju Music tí Sunny Adé ṣe ní 1982, tàbí orin Elemure Ògúnyẹmí tó fi ẹnu Èkìtì wa kọrin. Bí ẹ kò bá gbọ́ ohun tí gángan sọ, ẹ fi bọ́fà náà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ohùn tíńtín ló wá le jù. Kìmbálì, àwo idẹ pẹlẹbẹ tí àwọn onílù jáàsì ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ṣaworo tó wà létí ìyá ìlù, mọ̀lẹ́bí kan náà ni wọ́n. (Ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn wà tí kìmbálì wọn kì í jẹ́ ká gbọ́ ìwàásù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Ohùn ìlù ńlá lè gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, apá kan nínú ohùn kìmbálì ń gbọ̀n ju ìgbà 10,000 lọ. Sípíkà kan ṣoṣo kì í sábà lè ṣe méjèèjì dáadáa. Ìdí nìyẹn tí bọ́fà fi ń ní ńlá fún ìlù, àti kékeré bí ìdérí ìgò fún ohùn tíńtín. Àwọn oníwàyó kan wà tó ń lẹ ìdérí dídán mọ́ iwájú bọ́fà, tí kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀! Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ti kékeré yẹn nígbà tí orin ń lọ. Bí ohùn kò bá yí padà rárá, ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

Kìmbálì tó dáa, ẹ ó gbọ́ igi tó bà á, “tín,” ohùn idẹ á sì máa rá lọ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí kò dáa á máa dún “ṣàà, ṣàà” bí àkàrà tó wà nínú epo gbígbóná. Ẹ fi Zombie tí Fẹlá ṣe ní 1976 dán an wò. Tony Allen ló lùlù níbẹ̀, ọmọ Èkó tó kú sí Paris ní 2020, kò sì sí ẹni tó mọ kìmbálì í fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ bà tó o. Ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà, ìlẹ̀kẹ̀ tó ń gbá akèrègbè ni kí ẹ gbọ́, kì í ṣe yanrìn tí wọ́n ń jọ̀.

Ẹ má fi orin tí wọ́n ti fún pọ̀ jù sínú fóònù ṣe ìdánwò o. Ohùn kìmbálì ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ nínú rẹ̀, ẹ ó sì máa bú bọ́fà tí kò ṣẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹ́rọ ìlọta àti ẹ̀yin wẹ́dà, ariwo iṣẹ́ lè ti jẹ nínú etí yín, ọjọ́ orí náà sì ń jẹ tirẹ̀. Ohùn tíńtín ló ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ mú ọmọ ọdún mẹ́wàá dání, kó bá yín gbọ́ ọ.

Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ má tì í sí kọ̀rọ̀ ògiri, ìlù á wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Pálọ̀ tó jẹ́ sìmẹ́ńtì lásán á sì mú kí kìmbálì máa gún etí. Kọ́tìnì àti àga onítìmùtìmù ń rọ̀ ọ́.

Ti iye agbára tí wọ́n ń kọ sára páálí ńkọ́? Ẹ yí ẹ̀rọ náà sẹ́yìn. Bí wọ́n bá kọ 5,000 síwájú, tí ìwé pélébé ẹ̀yìn sọ pé watts 60 ni iná tó ń jẹ, 60 ni kí ẹ bá a ná. Ìkòkò mẹ́wàá kò lè jáde nínú korobá kan. Bí ìlù bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya, ẹ yí i wálẹ̀ kíá. Sípíkà kékeré ló máa kọ́kọ́ jó, ẹ ó sì rò pé orin yẹn kò ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀.