Àtùpà Kan Ló Tú Àṣírí Òjé n'Íbàdàn

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Alákìá, ẹ̀yin mẹkáníìkì àti réwáyà tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ lójú títì tó lọ sí Ifẹ̀, ìbéèrè kan rèé: tí bátìrì mọ́tò bá kú, tí wọ́n fọ́ ọ, tí wọ́n yọ òjé inú rẹ̀ tà, èyí tó dà sílẹ̀ ńkọ́? Níbo ló gbà lọ? Kò ní òórùn. Òjò kò lè fọ̀ ọ́ tán. Ojú lásán kò sì lè rí i nínú erùpẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdáhùn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Osibanjo ti Yunifásítì Ìbàdàn. Kẹ́místìrì tirẹ̀ kì í ṣe ti pípo ọṣẹ tàbí oògùn. Tiẹ̀ ni kí wọ́n gbé omi, ewé tàbí erùpẹ̀ ka iwájú rẹ̀, kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti bó ti pọ̀ tó. Bí ẹni ń wọn gaàrí ni, àmọ́ kóńgò tirẹ̀ kéré débi pé ó lè wọn ohun tí kò ju ẹyọ iyọ̀ mélòó kan lọ nínú garawa omi.

Ní 1980, òun àti S. O. Ajayi gbé ìwádìí kan jáde lórí èèpo igi. Ẹni tó bá bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ha èèpo á ní àgbo ibà ni wọ́n fẹ́ sè! Ohun tí èéfín ń gbé lẹ̀ mọ́ igi ni wọ́n ń wá. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n máa ń po òjé mọ́ pẹtiróòlù, mọ́tò á sì tú u sáfẹ́fẹ́. Ní 1983, ìwádìí mìíràn tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sọ pé òjé ti ń bẹ̀rẹ̀ sí wọ àwọn odò Ìbàdàn. Ó di 2006 kí àwọn orílẹ̀-èdè ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà tó jáwọ́ nínú pẹtiróòlù olójé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí ohun tí ojú ò rí? Ìmọ́lẹ̀ ni. Alan Walsh, tó ṣiṣẹ́ ní Ọsirélíà, ló la ọ̀nà náà ní 1955. Wọ́n á fi ásíìdì yọ́ erùpẹ̀ di omi, wọ́n á fín omi náà sínú ọwọ́ iná bíi ti alágbẹ̀dẹ wúrà. Wọ́n á wá tan àtùpà kan tí wọ́n fi òjé gan-an ṣe inú rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba àárín ọwọ́ iná yẹn kọjá. Tí ẹnì kan bá pariwo “Àbíkẹ́!” láàárín ọjà, ẹni tó ń jẹ́ Àbíkẹ́ ló máa yíjú. Bẹ́ẹ̀ ni òjé ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ àtùpà òjé mì. Irin àti bàbà tó wà níbẹ̀ ò ní dá a lóhùn. Bí ìmọ́lẹ̀ tó jáde lódì kejì bá ṣe dín kù tó, bẹ́ẹ̀ ni òjé pọ̀ tó.

Lésà, tí Theodore Maiman kọ́kọ́ tàn ní Amẹ́ríkà ní 1960, tún mú un yá sí i. Wọ́n á yin ín lu òkúta tàbí erùpẹ̀, iná kékeré á ta pàrà, àwọ̀ iná náà á sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọkọ̀ Curiosity tó balẹ̀ sórí Mars ní 2012 fi ń yẹ òkúta ibẹ̀ wò. Mars jìnnà, ṣùgbọ́n Olódò ò jìnnà.

Ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá kan náà ni Olódò àti Alákìá. Ní Orí-Ilé, l'Olódò, ni wọ́n ti da ìdàrọ́ òjé bátìrì sílẹ̀. Ní 2008, Osibanjo àti Mary Ogundiran kọ̀wé lórí ààtàn ìdàrọ́ kan tí wọ́n ti pa tì: òjé kún erùpẹ̀ rẹ̀, ewéko tó hù níbẹ̀ náà sì ti fà á mu. Ní 2009, òun àti Gilbert Adie tún gbé ìwé jáde lórí ilẹ̀ tí ìdàrọ́ iléeṣẹ́ bátìrì bà jẹ́. Ẹ wò ó, ewéko! Tí ewúrẹ́ bá jẹ ẹ́ ńkọ́? Tó bá jẹ́ tẹ̀tẹ̀ ni wọ́n gbìn síbẹ̀ ńkọ́?

Ọpọlọ ọmọdé ni òjé ń bà jẹ́ jù. Ní Zamfara ní 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tó kú níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà tó ní òjé nínú. Òjé díẹ̀díẹ̀ kì í pani báyìí. Ọmọ náà á kàn máa gbàgbé ẹ̀kọ́, wọ́n á máa pè é ní olódo, wọ́n á máa nà án, àwọn mìíràn á ní ayé ló ń ṣe é.

Nítorí náà, kí réwáyà fọ ọwọ́ kó tó bu òkèlè, kó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Bátìrì tó ti kú, odidi ni kó tà á. Kó má fọ́ ọ lẹ́yìnkùlé, kó má da ásíìdì rẹ̀ sí gọ́tà.

Ọ̀rọ̀ ò sì mọ sórí bátìrì. Ní Boston, l'Amẹ́ríkà, ní 2011, àwọn dókítà rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìkókó kan tí ẹbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá. Tìróò ni wọ́n ń lé fún un. Wọ́n gbé tìróò náà lọ fún àyẹ̀wò: nínú ìwọ̀n 100, òjé kó 82.6. Láti Nàìjíríà níbí ni tìróò yẹn ti dé ọ̀dọ̀ wọn.