Yàrá Màmá Kì í Ṣe Àdírẹ́sì

Nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí mo sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ilé tí fóònù ń darí, mo sì ṣèlérí pé màá kọ ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ fi ojú rí àwọn nọ́ńbà náà. Ẹ jẹ́ kí n ti orí òtútù bẹ̀rẹ̀.

Oṣù Kìíní ni. Màmá mi wá kí wa ní Turin láti Ìbàdàn. Iṣẹ́ wáyà iná ni mo ń ṣe, iṣẹ́ náà sì gbé mi lọ sí Padua lọ́sẹ̀ yẹn. Ìyàwó mi wà níṣẹ́ alẹ́. Láti Padua dé Turin, reluwéè gbà ju wákàtí mẹ́ta lọ, ẹ ò lè sọ pé ẹ fẹ́ sáré délé wò ó. Mo ṣí fóònù, mo tẹ ibi tí mo kọ "Yàrá Màmá" sí, mo gbé ooru rẹ̀ dé ìwọ̀n 22, mo sì sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìpè wọlé.

"Ọmọ mi, ṣé báyìí lẹ ṣe ń sùn nínú òtútù nílùú yìí?"

"Ẹ kú àárọ̀, Mà. Yàrá yín ti wà lórí 22 láti àná. Mo ń wò ó lórí fóònù báyìí."

"Yàrá wo? Nínú èyí tí mo wà yìí, ọwọ́ mi ti kú tán."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Yàrá tí a kọ́kọ́ fún Màmá kọjú sí títì, ariwo tíráàmù kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Wọ́n rọra kó ẹrù wọn lọ sí yàrá kejì tó kọjú sí àgbàlá. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ló kàn wọ́n pẹ̀lú ohun tó wà nínú fóònù mi? Ẹ̀rọ tó ń wo ooru lára ògiri yàrá yẹn kò ní bọ́tìnì, wọn ò lè fọwọ́ ara wọn ṣe é. Gbogbo òru ni mo fi mú yàrá òfìfo móoru. Àṣìṣe tèmi ni, kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Mo fi orúkọ ènìyàn pe àyè, ènìyàn sì ní ẹsẹ̀.

Ó dáa, báwo ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́? Nínú ilé tí a mọ̀ láti kékeré, wáyà ń ti ara súìṣì lọ tààrà sí gílóòbù. Ẹ tẹ súìṣì, iná so tàbí kó gé. Nínú ilé tí àwọn ará Ítálì ń pè ní ilé domotica, súìṣì kò gé iná mọ́, ó ń ránṣẹ́ ni. Ẹ̀rọ míì tó wà nínú bọ́ọ̀dù iná, tí àwa òṣìṣẹ́ ń pè ní attuatore, ló ń gba iṣẹ́ náà jẹ́.

Ẹ wo ètò SCS ti BTicino, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ mọ́ Varese. Wáyà méjì péré, tó ń gbé foltì 27, ló so gbogbo ẹ̀rọ inú ilé pọ̀. Agbára ń gba inú wọn kọjá, ọ̀rọ̀ náà ń gba ibẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ ló ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan bá dúró láàárín agboolé tó ń kígbe. Ta ló máa dáhùn? Ẹni tí wọ́n bá pe àdírẹ́sì rẹ̀ ni.

Àdírẹ́sì yẹn pín sí méjì. A dúró fún ambiente, ìyẹn yàrá tàbí apá kan nínú ilé. PL dúró fún punto luce, ìyẹn iná kan pàtó ní apá yẹn. Ike kéékèèké tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára la máa ń kì bọ ara ẹ̀rọ, ọ̀kan fún A, ọ̀kan fún PL. (Tí ọ̀kan bá bọ́ lọ́wọ́ yín sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.) Bí A bá jẹ́ 1, tí PL jẹ́ 2, àdírẹ́sì iná yẹn ni 12. Súìṣì tí yóò máa tàn án náà á gba 1 àti 2. Bí wọ́n ṣe mọ ara wọn nìyẹn. A lọ láti 1 dé 9, PL lọ láti 1 dé 9, àdírẹ́sì 81 nìyẹn bí ẹ bá ń lo ike.

Bí ẹ bá ti dé Venice, tí kò jìnnà sí Padua, ẹ ti rí irú rẹ̀. Wọ́n pín ìlú náà sí apá mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní sestiere. Nọ́ńbà ilé ń tò lọ káàkiri sestiere kan, kì í bẹ̀rẹ̀ ní 1 ní títì kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí ilé tí nọ́ńbà rẹ̀ lé ní 4000. Sestiere ni A, nọ́ńbà ilé ni PL. Nílé náà, ṣebí agboolé la kọ́kọ́ máa ń béèrè, kí a tó béèrè ẹni tí a ń wá níbẹ̀.

Wàyí o, ẹ wo ọ̀rọ̀ tí fóònù máa ń fi ránṣẹ́ sínú ètò yìí. OpenWebNet ni wọ́n ń pe èdè náà:

*1*1*12##

1 àkọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́: iná ni. 1 kejì sọ ohun tí a fẹ́: kí ó tàn. 12 sọ ibi tó wà. Àmì ## parí ọ̀rọ̀. Ẹ fi 0 rọ́pò 1 kejì, iná yẹn á kú. Ẹ fi 1 nìkan rọ́pò 12, gbogbo iná apá kìíní á tàn. Ẹ fi 0 síbẹ̀, gbogbo ilé á tàn. Ṣé ẹ rí i pé kò sí Màmá níbẹ̀ rárá?

Ètò KNX, tí àjọ rẹ̀ wà ní Brussels, gba ọ̀nà míì. Àdírẹ́sì méjì ló ń lò. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, bíi 1.1.23: àgbègbè, ìlà, ẹ̀rọ. Èkejì jẹ́ ti iṣẹ́, bíi 1/2/5, gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n bá sì fi sí abẹ́ rẹ̀ á jọ dáhùn. Ibi tó ń dun àwọn onílé rèé: "Iná pálọ̀" tí ẹ kọ kò sí nínú ẹ̀rọ kankan. Inú fáìlì ETS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tò ó, ni orúkọ náà wà. Mo ti wọ ilé kan ní Padua tí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ti bá tirẹ̀ lọ, kò sí fáìlì. Nọ́ńbà nìkan ló kù. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi ń tẹ súìṣì, tí mo ń rìn kiri wo ohun tó tàn, onílé ló sì san owó ọjọ́ yẹn. Nítorí náà, kí ẹ tó san owó tó kù fún ẹni tó bá yín ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ gba fáìlì yín. Òfin Ítálì, DM 37 ti 2008, ní kí ó fún yín ní ìwé tí wọ́n ń pè ní dichiarazione di conformità. Fáìlì yẹn, ẹ dárúkọ ẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè wa. Mo ní àwọn iná kéékèèké nísàlẹ̀ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí a máa ń tàn lóru. Mo sọ wọ́n ní iná ilẹ̀. Fóònù ìyàwó mi ò ní àmì ohùn, ó kọ ọ́ sí "ina ile". Lóru ọjọ́ kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wá kí wa tẹ ibòmíràn tí wọ́n kọ "ina ile" sí, ìyẹn iná ilé, gbogbo ilé sì mọ́lẹ̀ gbòò ní aago méjì òru! Ẹ̀gbọ́n kò ṣe nǹkan kan. Ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo wá ń pè é báyìí, kò sí ẹni tó lè ṣì í kà.

Ní ti ooru, mo yí orúkọ méjèèjì padà ní ọjọ́ kejì. Zone 2 di "Yàrá títì", zone 3 di "Yàrá àgbàlá". Mo kọ nọ́ńbà, orúkọ Yorùbá àti orúkọ Ítálì sórí pépà kan, nítorí Alexa ò gbọ́ Yorùbá, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo fi han Màmá, wọ́n kà á dáadáa, wọ́n ní, "Èwo wá ni tèmi níbí?"

"Ibi tí ẹ bá sùn sí ni, Mà. Ẹ ṣáà pè mí kí ẹ tó kó ẹrù."