Philadelphia: Ikú ń bọ̀, síbẹ̀ agbẹjọ́rò yìí ò gbà kí wọ́n rẹ́ òun jẹ

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ikú àti ẹ̀sín bá jọ ká mọ́lé lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Ohun tí fíìmù Philadelphia, tí Jonathan Demme darí lọ́dún 1993, dá lé lórí nìyẹn.

Andrew Beckett, tí Tom Hanks kó ipa rẹ̀, jẹ́ ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò tó mọṣẹ́ dunjú nílùú Philadelphia, l'Amẹ́ríkà. Àrùn AIDS ń bá a jà, ọkùnrin bíi tirẹ̀ ló sì ń fẹ́, kò sì sọ ìkankan fáwọn ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn rí àpá kan níwájú orí rẹ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìwé ẹjọ́ pàtàkì kan fi dàwátì lọ́wọ́ rẹ̀. Lóòótọ́ wọ́n padà rí i, síbẹ̀ wọ́n lé e, wọ́n ní kò ṣeé fiṣẹ́ lé lọ́wọ́. Beckett ní irọ́ ni, àìsàn òun ni wọ́n torí ẹ̀ lé òun.

Lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò ti kọ̀ ọ́, ó lọ bá Joe Miller, tí Denzel Washington ṣe. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí Miller ṣe gbọ́ orúkọ àìsàn náà ló sún sẹ́yìn. Kò gba ẹjọ́ ọ̀hún. Ọ̀dọ̀ dókítà ló gbà lọ, ìyẹn ló sì là á lọ́yẹ̀ pé bíbọ ara ẹni lọ́wọ́ kì í kó AIDS ranni. Ìgbà tó wá rí i bí òṣìṣẹ́ ibi ìkówèésí kan ṣe ń fẹ́ kí Beckett lọ dá jókòó sí yàrá ọ̀tọ̀ ni ọkàn rẹ̀ yí padà.

Beckett jàre. Wọ́n ní kí wọ́n san owó tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là fún un, ṣùgbọ́n orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló wà nígbà náà, ibẹ̀ ló sì ti dágbére fáyé. Ìdájọ́ ò wò ó sàn. Orúkọ rẹ̀ ló dá padà fún un, pé kì í ṣe àìmọṣẹ́ ló gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Hanks gba àmì ẹ̀yẹ Oscar lórí eré náà lọ́dún 1994. Ọdún náà ni Ron Vawter, tó ṣe ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá Beckett, tóun fúnra rẹ̀ ní kòkòrò HIV, kú.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni o. L'Ékòó níbí, wọ́n lé obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì níléewòsàn aládàáni lọ́dún 1995 nítorí HIV. Ó gba ilé ẹjọ́ lọ, àmọ́ lọ́dún 2001, adájọ́ ò gbà kó wọ kóòtù wá sọ tẹnu rẹ̀, wọ́n ní ó lè kó o ran àwọn tó wà níbẹ̀. Kò jáwọ́. Ọdún 2012 ni ilé ẹjọ́ gíga Èkó dá a láre, tí wọ́n sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù méje náírà fún un. Lọ́dún 2014, òfin tó ka irú ìyànjẹ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ jáde ní Nàìjíríà.

Lóde òní, oògùn wà tó ń jẹ́ kí ẹni tó ní HIV pẹ́ láyé, kó sì ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbani síṣẹ́, ẹ wá fíìmù yìí wò, kẹ́ ẹ tó kọ̀wé lọ-gbélé-ẹ fún ẹni tí ara rẹ̀ ò yá.