Bí A Ṣe Ń Ka Àwòrán Ìgbésẹ̀ Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní òní jẹ mọ́ àwọn àwòrán kan tí àwọn tí ń ṣe ètò fún kọ̀ǹpútà máa ń yà kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan iṣẹ́ gan-an. Activity diagram ni wọ́n ń pè é. Ó ń fi hàn irú iṣẹ́ tí a ó kọ́kọ́ ṣe, èyí tí yóò tẹ̀ lé e, àti ibi tí ọ̀nà yóò gbé pín. Àwọn ọmọ wa ń jókòó fún ìdánwò lórí rẹ̀ nítorí ìwé ẹ̀rí, púpọ̀ nínú àwọn tí ó sì ń kùnà kì í ṣe aláìmọ̀wé. Ojú lásán ni wọ́n fi ń ka ohun tí ó ní òfin kíkà tirẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú ọ̀kan nínú àwòrán wọ̀nyí tọ̀ wá wá. Ó ti kùnà lẹ́ẹ̀kan, owó tí ó sì san kì í ṣe owó kékeré fún ẹni tí kò tíì rí iṣẹ́. Àwòrán náà kò ṣòro ní ojú. Láti ibi ìbẹ̀rẹ̀, tí í ṣe àmì róbótó dúdú, ọfà kan wọ inú ìgbésẹ̀ tí a pè ní “Kọ ìwé ìbéèrè.” Láti ibẹ̀, ọfà mìíràn lọ sí “Yẹ ìwé wò.” Lẹ́yìn èyí ni oríta: bí ìwé bá pé, ọ̀nà lọ sí òpin, bí kò bá pé, ọfà kan padà sẹ́yìn, ó sì wọ inú “Kọ ìwé ìbéèrè” lẹ́ẹ̀kan sí i. A bi í pé, ìgbà mélòó ni a lè kọ ìwé náà? Ó ní, iye ìgbà tí kò bá pé. Àwa pẹ̀lú ì bá dáhùn bẹ́ẹ̀ bí a kò bá mọ òfin. Ìdáhùn tí ó tọ̀nà ni pé a kò ní kọ ọ́ rárá, àní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìwé ìlànà UML, tí ẹgbẹ́ Object Management Group ń tọ́jú, fi yé wa pé ohun kan ń rìn lórí àwọn ọfà wọ̀nyí. Token ni orúkọ rẹ̀. Àwa yóò máa pè é ní àmì. Ẹ fi í wé àrokò tí a fi rán ìránṣẹ́: ibi tí kò bá tíì dé, ẹnikẹ́ni kì yóò gbé ọwọ́. Nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, a fi àmì kan sí ibi ìbẹ̀rẹ̀, ó sì gbéra. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ kan kò lè bẹ̀rẹ̀ àfi bí àmì bá ti dé lórí gbogbo ọfà tí ó wọ inú rẹ̀. Gbogbo ni a wí, kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí ó bá sì parí, yóò rán àmì jáde sí orí gbogbo ọfà tí ó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde.

Nísinsin yìí ẹ padà sí àwòrán ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ọfà méjì ni ó wọ inú “Kọ ìwé ìbéèrè.” Èkínní ti gba àmì láti ibi ìbẹ̀rẹ̀. Èkejì kò lè gba tirẹ̀ títí a ó fi yẹ ìwé wò, a kò sì lè yẹ ìwé tí a kò tíì kọ wò. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà láéláé. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju kí a ya igun mẹ́rin kan tí a gbé nàró síwájú ìgbésẹ̀ náà, èyí tí a ń pè ní merge. Ọfà méjèèjì yóò wọ inú rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo yóò sì jáde. Merge kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àmì tí ó bá dé ni yóò jẹ́ kí ó kọjá.

Kí a má bu ọ̀dọ́mọkùnrin náà jù. Ìwé àtijọ́ ni ó fi kọ́ ẹ̀kọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ tẹ́wọ́ gba UML ní ọdún 1997, ọ̀nà mìíràn ni a fi ń ka àwòrán yìí, ọfà kan ṣoṣo sì tó láti mú ìgbésẹ̀ bẹ̀rẹ̀. UML 2.0, tí ó jáde ní 2005, ni ó yí òfin padà. Ó gbé e sún mọ́ èrò Carl Adam Petri, ará Jámánì, ẹni tí ó ti kọ̀wé ní 1962 nípa bí iṣẹ́ púpọ̀ ṣe lè máa lọ pọ̀ láìsí pé ọ̀kan ń dí èkejì lọ́wọ́. Ìwé tí ó ti pẹ́ ju ọdún 2005 lọ yóò ṣi ẹni tí ń múra ìdánwò lọ́nà níhìn-ín.

Àpẹẹrẹ kan wà nínú ìwé ìlànà náà fúnra rẹ̀ tí a fẹ́ràn púpọ̀, ti ẹni tí ó béèrè ọjà. A gba ìbéèrè rẹ̀. Oríta ìpinnu, tí í ṣe decision, tẹ̀ lé e. Bí a bá kọ ìbéèrè náà, ọ̀nà lọ tààrà sí ibi tí a ti ń pa ìwé rẹ̀ dé. Bí a bá gbà á, a di ọjà sílẹ̀, lẹ́yìn náà a dé ibi ọ̀pá nínípọn kan tí a ń pè ní fork. Fork kì í yan ọ̀nà; ó ń sọ àmì kan di méjì. Ọ̀kan lọ fi ọjà ránṣẹ́; èkejì lọ fi ìwé owó ránṣẹ́, oníbàárà sanwó, a sì gba owó náà. Ọ̀pá kejì, join, yóò dúró títí àmì méjèèjì yóò fi dé, kí ọ̀kan ṣoṣo tó jáde. Àmì yìí àti ti ìbéèrè tí a kọ̀ pàdé níbi merge, a sì pa ìwé dé.

Olùdánwò lè béèrè pé, ṣé a gbọ́dọ̀ fi ọjà ránṣẹ́ kí a tó gba owó? Rárá o. Fork kò sọ ìgbà. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ti owó ní ètò láàrin ara wọn, ṣùgbọ́n ìfiránṣẹ́ ọjà lè ṣáájú wọn, ó lè kẹ́yìn wọn, ó sì lè bọ́ sáàrin. Bí a bá ń ṣe wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ètò 4 ni ó ṣeé ṣe.

Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ bí ẹni tí ń yàwòrán bá fi ọ̀kan dípò èkejì. Bí ọ̀nà ìbéèrè tí a kọ̀ bá lọ sínú join dípò merge, join yóò máa retí àmì mẹ́ta, decision kò sì lè fi àmì sí ọ̀nà rẹ̀ méjèèjì. Ìwé kan kì yóò pa dé láé, ì báà ṣe ti ẹni tí a gbà tàbí ti ẹni tí a kọ̀. Bí a bá sì fi merge sí ibi tí join wà, àmì méjèèjì lè kọjá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a sì lè pa ìwé ẹnì kan dé lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti ọ̀rọ̀ aṣọ́nà tí a ń kọ sáàrin àkámọ́ níbi decision, díẹ̀ ni a ó sọ. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá jẹ́ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni àmì yóò gbà, òfin kò sì sọ èyí tí yóò jẹ́. Bí kò bá sí ọ̀kan tí ó jẹ́ òtítọ́, àmì kò ní kọjá. Nítorí náà ni a ṣe ń kọ else sí ọ̀nà kan.

Ó ku òpin. Oríṣi méjì ni. Róbótó dúdú tí a fi òbìrí yí ká ń fi òpin sí gbogbo iṣẹ́: àmì àkọ́kọ́ tí ó bá dé ibẹ̀ pa gbogbo èyí tí ó kù rẹ́, níbikíbi tí wọ́n bá wà. Òbìrí tí a fi àgbélébùú dábùú sínú rẹ̀ ń pa àmì tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan. Bí a bá yọ join kúrò nínú àwòrán ọjà wa, tí a sì fi oríṣi kìn-ín-ní sí ẹ̀yìn ibi tí a ti ń gba owó, oníbàárà tí ó bá tètè sanwó ni a ó dá ìfiránṣẹ́ ọjà rẹ̀ dúró. Bí ó bá jẹ́ oríṣi kejì ni a fi síbẹ̀, ọjà rẹ̀ yóò dé ọwọ́ rẹ̀.