Ilé Ìjọba Agodi: Ibùjókòó tí Ọọ̀ni Adérẹ̀mí lò fún ọdún méjì péré

Bí wọ́n bá dárúkọ Ọọ̀ni, ààfin Ẹnuwá ní Ilé-Ifẹ̀ ni ọkàn gbogbo ènìyàn máa ń lọ. Àmọ́ láàárín ọdún 1960 sí 1962, Ọọ̀ni tún ní ibùjókòó kejì. Ìyẹn ni Ilé Ìjọba tó wà ní Agodi, n'Íbàdàn, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń ṣe gómìnà kí òmìnira tó dé.

Ọba Adéṣọjí Adérẹ̀mí, tí wọ́n bí ní 1889, ti ṣiṣẹ́ rélùwéè, ó sì ti ṣòwò kó tó gorí ìtẹ́ ní 1930. Òun ni ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Lọ́balọ́ba Ìwọ̀-Oòrùn kó tó di pé wọ́n fi í rọ́pò Sir John Rankine ní 1960. Báyìí ló ṣe di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ gómìnà níbẹ̀. Arọ́mọ Odùduwà, tó dé adé tirẹ̀, ló wá ń ṣojú fún Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀pọ̀ rò pé oyè lásán ni, nítorí pé ọwọ́ olórí ìjọba, Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, ni agbára wà. Ṣùgbọ́n òfin fún gómìnà ní àṣẹ kan: bó bá hàn sí i pé ọ̀pọ̀ aṣòfin kò sí lẹ́yìn olórí ìjọba mọ́, ó lè yọ ọ́.

Ọdún 1962 ni ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀. Ìjà dé láàárín Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá nínú ẹgbẹ́ Action Group. Aṣòfin 66, tí wọ́n ju ìdajì ilé lọ, fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́ Akíntọ́lá mọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún, Ọọ̀ni yọ ọ́, ó sì fi Alhaji Dáúdà Adégbẹnró rọ́pò rẹ̀. Akíntọ́lá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní inú ilé aṣòfin nìkan ni wọ́n ti lè dìbò yọ òun.

Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, àga di ohun ìjà nínú ilé aṣòfin, àfi ìgbà tí ọlọ́pàá yin tajútajú. Ní ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ kéde òfin pàjáwìrì, wọ́n sì gbé àkóso fún Dókítà Májẹ̀kódùnmí. Bí iṣẹ́ gómìnà ṣe bọ́ lọ́wọ́ Ọọ̀ni nìyẹn.

Ta ló jàre? Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ l'Ékòó ní àṣìṣe ni Ọọ̀ni ṣe. Ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún 1963, ilé-ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dá Ọọ̀ni láre. Ó ti bọ́ sórí, nítorí ńṣe ni àwọn aṣòfin yí òfin padà sẹ́yìn, kí ìdájọ́ náà má baà ṣiṣẹ́. Olóyè Fádáhùnsi ni gómìnà nígbà náà.

Ilé náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje 1966, olórí orílẹ̀-èdè, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, wá bá àwọn lọ́balọ́ba sọ̀rọ̀ n'Íbàdàn, ó sì sùn sí Ilé Ìjọba lọ́dọ̀ gómìnà ológun, Adékúnlé Fájuyì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn ọmọ ogun ti yí ilé náà ká. Wọ́n mú àlejò, wọ́n mú onílé, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì lọ́nà Lálúpọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ Yorùbá gbà ni pé Fájuyì kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn mìíràn ní àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà ti ní òun pàápàá lọ́kàn tẹ́lẹ̀.

Ọba Adérẹ̀mí padà sí Ẹnuwá. Ojú rẹ̀ ni Yunifásítì Ifẹ̀, tó kọ́kọ́ fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé, ṣe kó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Ó wàjà ní 1980, lẹ́yìn nǹkan bí àádọ́ta ọdún lórí ìtẹ́.

Láti 1991 ni Ilé-Ifẹ̀ ti bọ́ sí abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Ọdún méjì ló lò ní ipò gómìnà, àádọ́ta ló lò lórí ìtẹ́. Síbẹ̀, ìwé kan tó fọwọ́ sí láàárín ọdún méjì yẹn ni àwọn amòfin ṣì ń jiyàn lé lórí títí dòní. Kí ọba tó bá fẹ́ bá òṣèlú jókòó rántí Agodi.